Ṣé Ẹ Rí I?

Kí ló mú mi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì yẹn ò kígbe mọ́ mi. Kò kánjú. Ó fi bírò lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan, ó wò mí, ó ní, “Ìyá Jùwọ́n, tí ẹ bá ń fún ọmọ lọ́yàn, ṣé ó máa ń wojú yín?” Ìbéèrè kékeré. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Èmi náà ní, “Bẹ́ẹ̀ ni mà, ó ń wò mí dáadáa.” Dáadáa! Ta ló bi mí ní ti dáadáa? Ó máàkì nǹkan sínú káàdì, ó pe ẹni tó kàn. Oṣù mẹ́ta rèé. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń bi ara mi, mo ń bi ara mi, bí ẹni tó ń ha ìdí ìkòkò tó ti jóná — ó ń ha, ó ń ha, dúdú náà ló ń bá níbẹ̀…

Ìlà ti sún. Ó yẹ kí n sún.

Èèyàn mẹ́fà ló kù níwájú mi. Pápá ilé-ìwé yìí ò dúdú báyìí rí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ tí àwa àgbà bá wá kàwé níbí, tí àwọn ọmọ tó ni àga ti lọ sílé, iná máa ń wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lónìí, a ò tíì tò tán tí wọ́n fi mú iná lọ ní gbogbo Ìdí-Òro, ni àwọn tó gbé tẹlisikóòpù, awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, wá bá pàtẹ́wọ́. Pàtẹ́wọ́! Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò rí i kí wọ́n mú iná lọ kí inú èèyàn máa dùn. Ẹ̀gbọ́n Taoheed tó ni awò ńlá náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Yaba, ó ní, “Ọlọ́run ti gbọ́ wa o! Ẹ jẹ́ ká tètè wo ohun tá a fẹ́ wò kí wọ́n tó mú un dé.” Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Àǹtí Abigail, olùkọ́ wa, ló pè wọ́n. “A ti ka ABD tán, ẹ jẹ́ ká lọ ka ọ̀run.” Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo rò pé tí mo bá wá, mi ò ní máa ronú. Ìgbà wo ni ìrònú ń dúró sílé de èèyàn?

Jùwọ́n wà lẹ́yìn mi. Ó gbóná, ó wúwo, itọ́ rẹ̀ ti rin aṣọ mi léjìká. Kò sùn. Tó bá sùn mo máa ń mọ̀, orí rẹ̀ á wálẹ̀ bí ìbẹ́pẹ tó gbó. Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ràn kó máa wà. Wọ́n ní mo ń kẹ́ ẹ jù. Àǹtí Sìmíátù tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tún sọ ọ́: “Ìwọ Adùnọlá, ṣé o fẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ yìí wọ́ ni? Ọmọ oṣù méje! Sọ ọ́ kalẹ̀ kó rá, jàre.” Mo ní, “Ẹ má bínú, àǹtí, ara ẹ̀ ló gbóná díẹ̀.” Ara rẹ̀ ò gbóná. Wọn ò mọ̀ ni. Ọmọ tó wà lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ń retí kó wojú ìyá rẹ̀.

Ah.

Mo ti rò ó báyìí. Kò ṣeé rò padà.

Tó bá wà níwájú mi ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa gbé e lé itan, á gba ọmú mú, á fà á bí ọmọ gidi, ọwọ́ rẹ̀ á máa fún mi láyà pẹ́pẹ́pẹ́. Ṣùgbọ́n ojú… ojú rẹ̀ á yí díẹ̀, á lọ máa wo ògiri. Mo ní bóyá kàlẹ́ńdà tó wà níbẹ̀ ni. Mo yọ kàlẹ́ńdà. Ó ṣì ń wo ibẹ̀. Mo ní ó dáa, mo sún síbi tó ń wò, kí n lè bọ́ sínú ojú rẹ̀ — ó tún yí orí. Ẹ̀gbẹ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń wò, bí ẹni pé ẹnì kan dúró tì mí tí mi ò rí, tó sàn jù mí lọ.

Ìyá ọkọ mi rí i. Wọ́n wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ nínú oṣù kẹsàn-án, wọ́n ń wo èmi àti ọmọ lórí àga, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín: “Adùnọlá, kí lo fi ṣe ọmọ yìí? Ó ń bá ọ yodì ni?” Àwàdà ni. Kọ́ládé, ọkọ mi, fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, ó rẹ́rìn-ín débi pé omi jáde lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo lọ rẹ́rìn-ín dé ilé ìwẹ̀. Ní báyìí ó ti padà sídìí tírélà rẹ̀, Kánò lónìí, Kàdúná lọ́la. Á pè. “Ọmọ ńkọ́?” “Ó wà dáadáa.” Ẹ gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Dáadáa.

Èèyàn mẹ́rin.

Obìnrin kan ló gbin èyí tó burú jù sí mi lọ́kàn. Lórí bẹ́ǹṣì ní ìgbà abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹni tí mi ò mọ̀ rí, tó kàn ń bá ẹni kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀: “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí kì í wojú èèyàn, ṣebí bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ti pé ọdún mẹ́fà, kò tíì pe ‘màámi’ rí.” Kì í ṣe èmi ló ń bá wí. Ó ṣe, ó dìde, ó lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bá a lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì pè mí. Ṣé ìdí rẹ̀ nìyẹn? Ṣé torí kí ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn má baà jẹ́ òótọ́ ni mo ṣe ní bẹ́ẹ̀ ni? Tàbí torí gbogbo àwọn ìyá tó tò sẹ́yìn mi, tí ọmọ wọn ń fi ojú fa ojú wọn bí okùn? Tàbí — mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀.

Ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni mo mọ orúkọ rẹ̀ kí n tó wá síbí. Àgùàlà. Ìyá mi ló máa ń sọ pé Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Wọ́n kàn ń lọ lójú ọ̀nà kan náà ni, kò sí nǹkan tó so wọ́n pọ̀. Bí àwọn èèyàn ṣe ń rí mi ládùúgbò nìyẹn, ọmọ lẹ́yìn, ọ̀já á gún régé, wọ́n ṣe bí a jọ wà ni.

Ìyá Àmínù ló wà nídìí awò báyìí. Ó ń ta ẹja gbígbẹ, àga kan náà la jọ ń jókòó ní kíláàsì, òun ló máa ń yọjú sí ìwé mi tí mo bá ń kọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì lè jí òkú. Ẹ̀gbọ́n Taoheed ti ń ṣàlàyé: “Àwọn méje tó ṣù jọ tẹ́ ẹ wò lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn rọrùn. Èyí le. Ó jìn ju gbogbo ìràwọ̀ tẹ́ ẹ fi ojú rí lókè yìí lọ. Kì í tiẹ̀ ṣe ìràwọ̀ kan o, àìmọye ni, ọ̀nà tó jìn ló jẹ́ kí wọ́n dà bí èémí téèyàn mí sára dígí. Andromeda ni wọ́n ń pè é.” Ìyá Àmínù ní, “Ọmọ ilé ta nìyẹn?” Ẹ̀rín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ojú kan. “Ṣé ẹ rí i, Ìyá Àmínù?” “Hàà! Mo ti rí i! Ó mà tàn o! Ọba tó dá a ga!”

Ẹni tó tẹ̀ lé e náà rí i. Bàbá télọ̀ rí i, ó ní ó jọ owú. Gbogbo wọn ń rí i, wọ́n ń kúrò nídìí awò, wọ́n ń gbá ara wọn lọ́wọ́. Gbogbo wọn ló ní ẹni tí wọ́n ń gbá lọ́wọ́.

Bí mi ò bá rí i ńkọ́?

Bí ojú tèmi gan-an bá níṣòro ńkọ́, tó jẹ́ èmi ni mo fi ta á lọ́rẹ? Ó jọ mí. Gbogbo ayé ló ní ó jọ mí. Ohun kan ṣoṣo tí mo fún un fúnra mi —

“Ìyá Jùwọ́n, ó kàn yín.”

Mo bẹ̀rẹ̀. Jùwọ́n yọ̀ síwájú lẹ́yìn mi, mo fi ọwọ́ kan ti ìdí rẹ̀ sókè. Mo di ojú òsì bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo wò ó.

Kò sí nǹkan kan.

Òkùnkùn róbótó. Àwọn wóró ìmọ́lẹ̀ kéékèèké bíi mélòó kan, wínníwínní bí iyọ̀, ìyẹn sì kọ́ ló ní ká wò. Irun ìpéǹpéjú mi, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Mo la ojú sí i. Mo tẹjú mọ́ àárín gbùngbùn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi ojú lu ògiri. Òkùnkùn. Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ kan lẹ́yìn ọgbà, mo ń gbọ́ ọkọ̀ ojú irin tó fọn fèrè, mo ń gbọ́ èémí Jùwọ́n létí mi. Mi ò rí nǹkan kan.

“Ṣé ẹ rí i?”

Ohùn jẹ́jẹ́ ni. Gẹ́lẹ́ bí ti nọ́ọ̀sì. Kò kánjú.

Ètè mi ti pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni ti wà níbẹ̀, ó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ bàtà. Yóò rọrùn. Màá ní ó jọ owú. Màá dìde, Ìyá Àmínù á gbá mi lọ́wọ́, màá gbé ọmọ mi lọ sílé, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, bí ẹnikẹ́ni ò ṣe mọ̀ títí di òní yìí, bí ẹnikẹ́ni ò ṣe ní mọ̀ títí ọmọ á fi pé ọdún mẹ́fà —

“Mi ò rí i, sà.”

Ta ló sọ ọ́? Èmi ni. Ó kéré, ó ha bí ohùn ẹni tó jí lójú oorun.

“Ìyá Jùwọ́n, la ojú ẹ dáadáa jàre!” Ìyá Àmínù nìyẹn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Etí mi gbóná. Mo ń retí kí Ẹ̀gbọ́n Taoheed ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ẹlòmíì. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ojú tẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́ ọn yẹn ló ń lé e lọ. Ẹ má wò ó. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, bí ẹni pé ẹ ò tiẹ̀ torí ẹ̀ wá. Ẹ fi igun ojú ṣọ́ ọ.”

Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Kéèyàn má wo ohun tó wá wò. Mo ṣe é ṣá. Mo yí ojú mi lọ sápá òsì, mo lọ wo ọ̀kan nínú àwọn wóró iyọ̀ yẹn, mo dúró…

Ó wà níbẹ̀.

Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ nǹkan kan. Ó dà bí ojú ibi tí omi ọmú gbẹ sí lára aṣọ dúdú, gígùn díẹ̀, tí etí rẹ̀ ń yòrò lọ. Mo yára yí ojú sí i — ó lọ. Mo padà sí ẹ̀gbẹ́, mo mú sùúrù. Ó padà wá. Mo tún gbìyànjú àtimú un, ó tún lọ. Ẹ̀gbẹ́. Ó dé. Mi ò mọ̀ pé mo ti dá èémí dúró àfìgbà tí Jùwọ́n fa irun mi.

“Mo rí i,” mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Mi ò fi dáadáa sí i.

Lẹ́sẹ̀ kan náà, gbogbo àdúgbò hó yèè. “Wọ́n ti mú un dé ooo!” Iná tàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, iná tàn ní ṣọ́ọ̀bù iwájú títì, àwọn ọmọ ń fò sókè nílé gbogbo, àwọn tó gbé tẹlisikóòpù wá sì kẹ́dùn bí ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ lu òpó. Awò náà funfun báláú. Ó tán.

Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá Àmínù tọ̀ mí wá, ó fà mí lápá, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: “Ìwọ, ṣé lóòótọ́ lo rí i? Báwo ló ṣe rí? Èmi ò rí nǹkan kan o. Àwọn èèyàn ló ń dúró lẹ́yìn mi.”

Àwọn èèyàn ló ń dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò wá. Ìyá Àmínù, tó ń fi ẹnu lé àwọn agbèrò! Mélòó wa ló wá dúró síbí lálẹ́ yìí, tá a ní a rí i? Ọkùnrin yẹn ì bá ti sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa bá a ṣe ń wò ó. Kò kàn mọ̀ pé a ò rí i ni. A ò jẹ́ kó mọ̀. Bí nọ́ọ̀sì náà ò ṣe mọ̀… Ó béèrè. Ó béèrè, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, mo wá ń wí pé mo dá wà nínú ilé.

Ọjọ́rú ni wọ́n ń gba àwọn ọmọ wọlé ní ilé ìwòsàn. Mo máa ní, ẹ jọ̀ọ́ mà, irọ́ ni mo pa lọ́jọ́sí. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu bí mo ṣe ń tún ọ̀já so: kì í wojú mi. Mo tún un sọ. Kì í wojú mi. Ó ń dun èèyàn. Ó ṣeé sọ. Jùwọ́n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi léjìká, ó yí orí kúrò níbi tí iná wà, mi ò sì sọ ọ́ kalẹ̀, mi ò tíì lè sọ ọ́ kalẹ̀ lálẹ́ yìí.

Ohun tí mi ò mọ̀ bí mo ṣe dúró sórí pápá yìí, tí mi ò sì ní mọ̀ títí Jùwọ́n á fi máa rìn, tí dókítà ojú kan á fi pa iná yàrá rẹ̀ tán tí á tún tàn án, ni pé àpá ti wà ní àárín gbùngbùn ẹyin ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan látinú oyún, ibẹ̀ ò ríran, igun ojú ló fi ń ríran. Ohunkóhun tó bá fẹ́ rí, àfi kó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé ògiri ló ń wò, èmi ni.