Ọmọ Tó Wúwo Ju Ìyá Rẹ̀ Lọ

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bang Gyu-sik fẹ̀yìn tì ní ìlú Daejeon ní Korea, àmì pupa kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́ kò sì jẹ́ kó gbádùn. Inú fọ́tò ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ ayé ni awò tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run ti rí i. Bang ní agbo ìràwọ̀ ni. Ok Dan-bi, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ní rárá o, ihò dúdú tí í gbé ohun gbogbo mì ni, ó kàn fi afẹ́fẹ́ gbígbóná bora bí ẹni tí ibà ń ṣe ni. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ihò náà wúwo ju agbo ìràwọ̀ tó bí i lọ. Ọmọ wo ló ń pọn ìyá rẹ̀? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, ìwé tí Bang fi ọgbọ̀n ọdún kọ, pé díẹ̀díẹ̀ ni ihò dúdú ń dàgbà, di ìwé tí wọ́n fi ń wé ẹ̀pà nìyẹn.

Aago márùn-ún ọjọ́ náà ni ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ ààyè láti lo awò náà lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín gbọ́dọ̀ jáde. Ibi tí wọn yóò kọ ohun tí àmì pupa náà jẹ́ sí ṣì ṣófo.

Ni Dan-bi bá tẹ́ ẹní sí ọ́fíìsì, ó kó òwú, ìrẹsì àti pẹ́nsùlù sórí ẹ̀, bí àwọn ará Korea ti ń ṣe fún ọmọ ọlọ́dún kan kó lè yan ìpín rẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà, àmì pupa yẹn, fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó jẹ́: bó bá mú ẹyọ kan, ìràwọ̀ ni, bó bá kó gbogbo ẹ̀, ihò ni. Ó lẹ fọ́tò mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ tó ń dá rìn, ó dé e ní fìlà ọmọdé, ó tàn án.

Ẹ̀rọ jẹ ìrẹsì, ó fa òwú bí ẹni ń fa núdùùsì mì, ó gbá pẹ́nsùlù sábẹ́, ó wá gbá okùn bàtà Bang mú, ló bá há, ó kú.

Bang rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun pé ọdún kan, kò sí ìrẹsì nílé. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun ni ìyá òun fọ̀ sínú abọ́. Òun sì kó o sẹ́nu. Títí ìyá òun fi kú ló ń fi ìyẹn ṣe òun ní yẹ̀yẹ́, kò wá sẹ́ni tó ń fi ṣe òun ní yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀.

"Dan-bi, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti mọ̀ pé ìwọ lo jàre."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ, Ọ̀gá?"

"Bí mo bá sọ ọ́, kí ni mo fẹ́ gbé lọ sílé?"

"Ẹ gbé ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ yìí. Ó kúkú ti bàjẹ́."

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Bang kọ ọ́ síbẹ̀: ihò dúdú. Ó yọ orúkọ ara rẹ̀ lókè ìwé náà, ó fi ti Dan-bi síbẹ̀. Dan-bi yarí, ó ní orúkọ ọmọdé kì í ṣíwájú àgbà.

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," Bang ní. "Ẹni tó ń lọ kì í jókòó dí ẹnu ọ̀nà."