Ìdánwò Orí Fóònù Màmá

"Má tíì tẹ̀ ẹ́! Jẹ́ kí n múra sílẹ̀ ná," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ó yá, tẹ̀ ẹ́. Ení, èjì, ẹ̀ta..."

Ojú fóònù náà funfun báláú, áàpù sì ṣí. Orúkọ àwọn aboyún tò wálẹ̀ gẹ́lẹ́ bí Àbúrò ṣe fẹ́.

"Ẹ̀ta péré! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà pé mo nà yín. Tiyín, mo kà á dé mọ́kànlá."

"Ṣé ìyẹn náà ni kíkà? Ò ń kà bí ẹni tí ajá ń lé."

Fóònù Màmá wọn ni wọ́n fi ń dán an wò, èyí tí ojú rẹ̀ ti sán, tí rọ́bà sì di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Agbẹ̀bí ni Màmá, irú fóònù bẹ́ẹ̀ ló sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn agbẹ̀bí tí wọ́n bẹ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin yìí níṣẹ́ áàpù, ètò orí fóònù tí wọn yóò máa fi kọ orúkọ àwọn aboyún sílẹ̀. Férémùwọ́ọ̀kì ló kù kí wọ́n yàn, irinṣẹ́ tí wọn yóò fi kọ áàpù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí yóò sì ṣiṣẹ́ lórí fóònù gbogbo. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ èyí tó ti mọ̀ tipẹ́. Àbúrò fẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Wọ́n wá ṣàdéhùn: kí kálukú kọ ojú ewé kan náà, kí ẹnì kejì máa kà títí yóò fi ṣí. Odindi oṣù méjì ni Àbúrò fi ṣe tirẹ̀. Ó tilẹ̀ ti ń rí orúkọ àwọn méjèèjì lọ́kàn rẹ̀, lójú ewé àkọ́kọ́ áàpù náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Fóònù náà dún lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá àwọn agbẹ̀bí ni. Màmá ń wẹ̀ lọ́wọ́, Àbúrò bá gbé e, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta.

"Ìyá wa, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yín àgbà o. Áàpù tó wá fi sórí fóònù wa lóṣù tó kọjá, àwọn tó ní fóònù tuntun ń yìn ín. Àwa tí tiwa ti gbó ló ń fìyà jẹ. Mo tẹ̀ ẹ́, mo lọ pọnmi, mo dé, kò tíì ṣí."

"Màá sọ fún wọn, mà," ni Àbúrò wí.

Ẹ̀gbọ́n ti ń tú wáyà tí kò lọ́.

"Oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Wọ́n ń kán mi lójú. Mo sì mọ̀ pé o ò ní gbà. Mo ní kí n jẹ́ kí o máa fi tìẹ ṣeré ná, kó má baà dùn ẹ́."

"Ẹ wá jókòó, ẹ ń ka ení, èjì, ẹ̀ta fún mi?"

"Má sọ ọ́ di ńlá, jọ̀ọ́."

"Orúkọ mi wà níbẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà náà. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, tí wọ́n bá ń ṣeré bojúbojú, ẹ̀gbọ́n kan náà yìí máa ń yọjú wò láàárín ìka. Àbúrò rò pé ó ti jáwọ́.

Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó tì í bọ àpò, ó wọ bàtà.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ ọ̀gá agbẹ̀bí. Mo fẹ́ lọ fi tèmi sórí fóònù wọn."

"Dúró, jẹ́ ká jọ lọ. Ká jọ sọ pé àwa méjèèjì la..."

Àbúrò gbé fóònù Màmá síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì tẹ áàpù tí ẹ̀gbọ́n kọ.

"Ẹ máa kà á," ó wí. "Ẹ má yára o."

Kí áàpù náà tó ṣí, Àbúrò ti dé ẹnu géètì.