Ẹsẹ̀ Òsì Corbel

Nídìí tíì àárọ̀ ni Ìyáàfin Verity Aldous ti sọ ọ́, láì gbé ohùn sókè. Ó ní bí Hester Pryce kò bá wà lára àwọn tó gba ipò ní ìdíje ẹṣin Harcombe lọ́dún yìí, òun yóò gba ẹṣin òun, Corbel, lọ́wọ́ rẹ̀, òun yóò sì gbé e fún Dorian Leckie.

"Kì í ṣe ìjà o, Hester. O mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n mo ti ń dàgbà, mo sì fẹ́ kí ẹṣin mi ṣojú orílẹ̀-èdè yìí kí n tó kú."

"Mo gbọ́ yín, mà."

"Ọmọkùnrin yẹn kì í bẹ̀rù."

"Èmi náà ò bẹ̀rù."

"Ṣé mo ní o bẹ̀rù ni? Mo ní òun kì í bẹ̀rù."

Nínú iṣẹ́ wọn, ẹni tó ń gun ẹṣin kọ́ ló sábà máa ń ni ín. Hester ni ó kọ́ Corbel láti ìgbà tí kò tíì mọ bí a ṣe ń gbé gàárì. Ìyáàfin Aldous ni ó ni ín. Hester kò ní ẹṣin mìíràn tó lè dé ibi tí Corbel dé. Bí èyí bá lọ, àwọn ọmọ aládùúgbò tí òbí wọn fẹ́ kí wọ́n kọ́ ẹṣin gígùn ni yóò kù fún un.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìdíje náà. Ní ọjọ́ kìíní, níwájú àwọn adájọ́, níbi tí ẹṣin ti gbọ́dọ̀ rìn kó sì sáré létòlétò bí a ti pàṣẹ fún un, Corbel ṣe ipò kẹta. Ìyáàfin Aldous pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ kejì ni ti pápá àti igbó, eré àsápajúdé lórí ìtì igi, omi àti kòtò. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo wọn máa ń ronú lé lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Bronagh Tully, ará Ireland tó ń tọ́jú ẹṣin fún Hester, fi ọ̀rá funfun pa ẹsẹ̀ Corbel, kí ẹsẹ̀ lè yọ̀ bọ́ bó bá gba igi.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ nǹkan."

"Kò wù mí."

"Tí ebi bá gbé yín ṣubú, wọ́n á ní ojo ni yín. Ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí orúkọ wa má bàjẹ́."

Hester rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ ìlàjì rẹ̀.

Corbel gbéra dáadáa. Ó fo àwọn ìdènà àkọ́kọ́ bí ẹni tí kò rí wọn. Nígbà tí wọ́n dé etí igbó, ọkùnrin kan bọ́ sáàárín ọ̀nà, ó ń ju àsíá pupa. Hester fa ìjánu. Ìtumọ̀ àsíá náà kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tó ṣíwájú ti ṣubú, ọ̀nà kò sì tíì ṣí.

"Ẹ máa mú un rìn yíká, mà. Ẹ má jẹ́ kí ara rẹ̀ le."

"Ta ni?"

"Wọn ò sọ fún wa."

"Ẹṣin ńkọ́? Ṣé ó ti dìde?"

Ọkùnrin náà ká àsíá rẹ̀, ó tún tú u. "Wọn ò sọ fún wa."

Láàárín igi, Hester rí àwọn ènìyàn tó na aṣọ aláwọ̀ ewé sókè, tí wọ́n fi yí ìdènà inú kòtò ká. A kì í na aṣọ yẹn nítorí ènìyàn nìkan; bí ẹṣin kò bá ní dìde mọ́ ni a máa ń na án. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó ti ń ka orúkọ láti àárọ̀ dákẹ́, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin. Àwọn òǹwòran dúró sẹ́yìn okùn pẹ̀lú ajá wọn, wọn kò wo ara wọn lójú.

Ó mú Corbel rìn yíká sí ọ̀tún. Ìrìn rẹ̀ gún. Ó yí i sí òsì, ó sì gbọ́ ọ nínú ìjókòó rẹ̀: ẹsẹ̀ iwájú òsì ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí àkókò rẹ̀ tó pé. Ó pa dà sí ọ̀tún. Kò sí nǹkan. Ó tún yí sí òsì. Ó wà níbẹ̀. Kò tíì di títiro. Ẹni tó dúró sílẹ̀ kò lè rí i. Hester kò lè fọwọ́ kàn án, nítorí ìbòsẹ̀ àti ọ̀rá wà lára ẹsẹ̀ náà.

Ó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bí ara ẹṣin náà bá tún gbóná, kò ní rántí ìrora. Yóò fo ohunkóhun tí a bá darí rẹ̀ sí. Ó sì lè fo gbogbo rẹ̀ tán. Iṣan lè dúró títí dé òpin, ó sì lè já níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù lẹ́yìn ìdènà inú kòtò.

Wọ́n ká aṣọ aláwọ̀ ewé náà. Ọkọ̀ kan tí wọ́n bo ẹ̀yìn rẹ̀ gba inú igbó jáde, ó rọra ń lọ.

"Ọ̀nà ti ṣí, mà. Ẹ múra."

Hester gbé ọwọ́ sókè. "Mo jáwọ́."

"Ṣé kò sí wàhálà, mà?"

"Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. "Mi ò rí nǹkan kan o."

Bronagh ti kó yìnyín sílẹ̀ dè wọ́n, gẹ́gẹ́ bí gbogbo olùtọ́jú ẹṣin ti máa ń ṣe ní ọjọ́ pápá. Hester bọ́ sílẹ̀. Kí ó tó ṣí akoto orí rẹ̀ ni ó ti sọ pé, "Yìnyín," bí ó ti ń sọ ọ́ láti ogún ọdún. Bronagh tú ìbòsẹ̀, ó sì ki ẹsẹ̀ Corbel sínú omi dídì títí dé orúnkún.

Dókítà ẹṣin pẹ́ kí ó tó dé. Inú igbó ni ó ti wá. Ẹ̀jẹ̀ wà ní etí aṣọ rẹ̀, kò sì tíì mọ̀. Ó tẹ iṣan ẹsẹ̀ òsì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Corbel ń jẹ koríko. Bronagh mú ẹṣin náà sáré lọ, ó mú un sáré bọ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba.

"Ó ti pẹ́ tó nínú yìnyín?"

"Láti ìgbà tí a ti dé," ni Bronagh wí.

"Ẹ̀ bá dúró dè mí. Bó bá gbóná tẹ́lẹ̀, ó ti tutù. Bó bá ń dùn ún, yìnyín ti pa ìrora náà. Ohun tí mo bá rí ni mo lè sọ, ẹsẹ̀ yìí kò sì ní nǹkan kan."

Ó lọ. Bronagh kò lè gbé ojú sókè. "Ọ̀gá, èmi ni mo ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ omi."

"Èmi ni mo pàṣẹ."

Ìyáàfin Aldous ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó súnmọ́ Hester, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ni, àbí àyà? O dúró, o rí aṣọ yẹn, àyà rẹ já. Ta ni irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ sí? Sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, Hester. Wàá gùn ún ní ìdíje oṣù tó ń bọ̀, a ó sì gbàgbé tòní."

"Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ sáré ní oṣù tó ń bọ̀."

"Kí ló dé tí kò ní sáré? Dókítà ti wò ó."

"Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ ya àwòrán iṣan rẹ̀, mà."

"Kí àwọn tó ń yan ẹṣin fún orílẹ̀-èdè gbọ́ pé Corbel wà lọ́dọ̀ oníṣègùn? Rárá. Mo tún bi ọ́. Ṣé àyà rẹ ló já?"

"Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni, mà."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Leckie wa lọ́rì rẹ̀ wọ ọgbà Hester. Ó ń kí Bronagh, ó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Bronagh kọjú sí ẹṣin náà. Corbel gun pákó lọ́rì náà dé àárín, ó sì dúró.

"Ó ti mọ̀ pé mi ò rẹwà tó yín," ni Leckie wí.

"Dorian, gbọ́ mi. Mú un rìn yíká sí òsì nígbà tí o bá ti lo agbára rẹ̀ tán, kí o tó fi yìnyín kàn án. Wàá gbọ́ ọ."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Mo gbà yín gbọ́."

"Tí o bá gbà mí gbọ́, má gùn ún ní oṣù tó ń bọ̀. Sọ fún Ìyáàfin Aldous pé o kọ̀."

"Kí n kọ̀, kí ó wá gbé e fún ta ni?"

Leckie fi ọwọ́ lu itan ẹṣin náà jẹ́jẹ́. Corbel wọlé, ó sọ orí rẹ̀ kalẹ̀. Leckie gbé pákó náà sókè, ó dè é, ó sì dán ìdè rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó wa ọkọ̀ lọ.