Ẹni Tó Ń Yí Ọwọ́ Ilẹ̀kùn Wò

Ọkùnrin náà yí ọwọ́ ilẹ̀kùn wò. Kò ṣí. Ó fi èjìká tì í díẹ̀, ó sún sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ sójú, ó sì rìn lọ nínú òjò bí ẹni tí ohunkóhun kò lé.

Glenda Garbutt tún tẹ fóònù, ó tún wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn tirẹ̀ ni. Kámẹ́rà kékeré tó wà lára aago ẹnu ọ̀nà ló ká ọkùnrin náà mọ́ ibẹ̀ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, nígbà tí Glenda wà ní kíṣìnnì tó ń din ẹyin, tí rédíò ń kọrin. Aṣọ òjò onífìlà bo àlejò náà lórí títí dé imú. Ilẹ̀ sì ti ṣú, nítorí nínú oṣù Kọkànlá ní Ottersby, kí ènìyàn tó mu tíì ọ̀sán tán, ilẹ̀ ti ṣú. Ojú rẹ̀ kò hàn rárá.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ará àdúgbò lórí Wáàsáàpù, tó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Olè ti wọ àdúgbò wa o. Ẹ tilẹ̀kùn yín." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ó tó jẹ ẹyin rẹ̀ tán, alápatà ti sọ pé ẹni náà ti yí ọwọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù òun wò rí. Doreen Pocklington ní ajá òun gbó láìnídìí lọ́jọ́ Ajé. Ẹnìkan ní wọ́n pé méjì. Ẹlòmíràn ní mọ́tò ló ń já wọn sílẹ̀ láti ìlú ńlá. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ọ̀kan ṣoṣo tó wà nínú fọ́rán ti bí ọmọ, ó ti di ẹgbẹ́ olè.

Kí ẹnikẹ́ni má fi Glenda ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tí òdòdó ń yọ lọ́dún yìí, tí ó wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn, àwọn kan já fèrèsé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ wọlé. Wọ́n kó òrùka ìyá rẹ̀ tó ti kú lọ. Wọ́n tún jókòó sórí àga rẹ̀, wọ́n jẹ bisikíìtì rẹ̀, wọ́n sì fi èérún rẹ̀ sílẹ̀. Èérún yẹn ló dùn ún jù. Ọkọ rẹ̀ ti bá obìnrin mìíràn lọ sí Sípéènì tipẹ́, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè jí lóru kí ó bi í pé, "Ṣé o gbọ́ nǹkan?" Òun nìkan ló ń gbọ́ ọ, òun nìkan ló ń dìde, òun nìkan ló ń dúró lẹ́yìn aṣọ fèrèsé tó ń wo òpópónà tó ṣófo. Bó ṣe di olórí ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ àdúgbò nìyẹn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe kí ó tó lọ síbi iṣẹ́. Wilfred Garbutt ń dá gbé nínú ilé kékeré kan lẹ́yìn ilé ìwé. Alábòójútó kan máa ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án, á sì lọ ní agogo mẹ́ta. Ìrántí ti ń fi bàbá náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ti sọ fún Glenda pé bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà níta lẹ́ẹ̀kan péré, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni yóò kàn. Glenda kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sétí. Ìyá rẹ̀ kú sínú ilé kékeré yẹn, àga bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ojú fèrèsé tó ti máa ń wo àwọn ẹyẹ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, kí ni yóò ṣẹ́kù lára rẹ̀?

Bàtà bàbá náà rin fún omi lẹ́nu ọ̀nà. Glenda rò pé alábòójútó ló fọ̀ ọ́.

"Ẹ jẹ ọ́ọ̀tì yín, Bàbá, kó tó tutù."

"Margaret, ṣé wọ́n ti tilẹ̀kùn?"

Margaret ni orúkọ ìyá Glenda. "Wọ́n ti tì í, Bàbá," ló dáhùn, ó sì fi ẹnu kò ó lórí, ó sáré jáde.

Agogo mẹ́rin ni ìpàdé, ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ènìyàn pọ̀ ju ti ọjọ́ Kérésìmesì lọ. Ọlọ́pàábìnrin kan ti wá láti ìlú ńlá, nítorí Ottersby kò ní àgọ́ ọlọ́pàá mọ́. Wọ́n ti ta á. Ajá ni wọ́n ń wẹ̀ níbẹ̀ báyìí, tí wọ́n ń gé irun fún. Ọlọ́pàábìnrin náà dìde, ó kí wọn, ó sì sọ pé ìwà ọ̀daràn ti dínkù ní Ottersby ju ti èṣí lọ.

"Ó gbọ́dọ̀ dínkù," ni Craig Lumley wí láti ẹ̀yìn. Iṣẹ́ òrùlé ló ń ṣe, wọ́n sì ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ nínú mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì. "A ò pè yín mọ́ ni. Nígbà tí a ń pè yín, orin ni fóònù yín ń kọ fún wa, ẹnikẹ́ni kì í gbé e."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàábìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀ pẹ̀lú, ó ní òun mọ̀ pé ó ń bí wọn nínú.

"Kò bí mi nínú mọ́," ni Craig wí. "Ó ti kọjá ìbínú. Bí ọwọ́ mi bá tẹ ẹni tó wà nínú fọ́rán yẹn, ẹ̀yin gan-an lẹ máa wá gbà á lọ́wọ́ mi."

"Ọ̀gbẹ́ni, mi ò gbọ́ ìyẹn o."

"Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ kàn ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà lẹ sì ti ń ṣe látọjọ́ yìí."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Glenda pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn, inú rẹ̀ sì dùn, ká sọ òótọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ bisikíìtì rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ó rí àwọn ẹlòmíràn tí ara wọn kò balẹ̀ bíi tirẹ̀. Ó dìde, ó so fóònù mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n pa iná, fọ́rán náà sì hàn lára ògiri.

Lára ògiri, ọkùnrin náà tóbi. Ó yí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ó fi èjìká tì í. Ó sún sẹ́yìn, ó gbójú sókè wo fèrèsé òkè, lẹ́yìn náà ó fi ìka méjì kan iwájú orí rẹ̀. Lórí fóònù, Glenda ti rò pé ó ń nu omi òjò kúrò lójú ni. Kì í ṣe omi òjò ló ń nù. Ó ń kí onílé ni.

Glenda mọ ìkíni yẹn.

Láyé àtijọ́, nígbà tí ọlọ́pàá ṣì ń fi ẹsẹ̀ rìn ní Ottersby, ó di dandan fún un kí ó yí ọwọ́ ilẹ̀kùn gbogbo ṣọ́ọ̀bù wò nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí wọ́n sì bá ọ̀kan ní ṣíṣí tí kò sọ, ọ̀gá rẹ̀ á fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀. Kọ́ńsítébù Garbutt, bàbá Glenda, ṣe iṣẹ́ yìí títí orí rẹ̀ fi funfun. Nígbà tí Glenda wà lọ́mọdé, bàbá rẹ̀ mú un dání lẹ́ẹ̀kan, ó sì kọ́ ọ: yí i, tì í, sún sẹ́yìn, wo òkè, nítorí olè tó ti wọlé, tó sì rántí tilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, máa ń gbàgbé aṣọ fèrèsé òkè. Ìka méjì tó fi ń kan iwájú orí, tirẹ̀ nìkan nìyẹn. Ó máa ń kí onílé, bí onílé wà níbẹ̀, bí kò sí níbẹ̀.

Ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó wo ojú àwọn ènìyàn nínú òkùnkùn, gbogbo wọn ń wo ògiri bí ẹni ń wo ajá tó bu ọmọ jẹ. Ọlọ́pàábìnrin náà jókòó níwájú. Bí Glenda bá la ẹnu, ó ti lé bàbá rẹ̀ kúrò nílé nìyẹn. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé kí òun ronú díẹ̀ ná, kí wọ́n tan iná ná, kí wọ́n mu tíì ná.

Fóònù Craig dún. Ó wò ó, ó sì fò dìde.

"Ìyàwó mi ni. Ó ní olè náà wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù alápatà nísinsìnyí."

Ó ti jáde kí ọlọ́pàábìnrin náà tó rí fìlà rẹ̀ mú. Glenda gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba ọ̀nà tóóró tó já sí òpópónà ọjà, ó ń sáré lórí ewé tútù, aṣọ òtútù rẹ̀ ń fẹ́ kiri. Kò sáré báyẹn láti ìgbà tó ti kúrò ní ilé ìwé. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀ Ọlọ́run fún, pé kí Craig má tíì gbé ọwọ́ sókè.

Craig ti di aṣọ òjò náà mú lọ́rùn, ó ti ẹni tó wà nínú rẹ̀ mọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù. Ẹni náà kò bẹ̀rù rárá. Ìbéèrè ló ń bi í.

"Orúkọ rẹ?"

"Orúkọ ta ni? Ìwọ olè yìí..."

"Mo ní kí ni orúkọ rẹ, ọmọkùnrin, àti ibo lò ń lọ nírú àsìkò yìí?"

Craig gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè.

"Fi wọ́n sílẹ̀, Craig," ni Glenda wí. Èémí rẹ̀ kò tó, ó ní láti tún un sọ. "Fi wọ́n sílẹ̀. Bàbá mi ni."

"Ẹ ní kí ni?"

"Bàbá mi ni. Wọn kì í ṣe olè. Iṣẹ́ wọn àtijọ́ ni wọ́n ń ṣe."

Craig jọ̀wọ́ aṣọ náà. Fìlà rẹ̀ yọ sẹ́yìn, irun funfun jáde. Craig wo irun náà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ṣì wà lókè, ó sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ fi fọ́rán yẹn ránṣẹ́," ló wí. "Ẹ̀yin, Glenda. Láti Ọjọ́rú ni mi ò ti sùn. Mo fẹ́ẹ̀ lu arúgbó pa."

Glenda gbà bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni.

Ọlọ́pàábìnrin náà dé, Glenda sì ṣàlàyé fún un. Kò fi nǹkan kan pamọ́, kódà ó sọ ohun tí dókítà wí. Nígbà tí ó parí, ọlọ́pàábìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀.

"Mo ní láti sọ fún àwọn tó ń bójú tó àgbàlagbà. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀."

Bàbá náà ti tún aṣọ rẹ̀ ṣe. "Ó ku òpópónà kan fún mi," ló wí, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ nínú wọn. "N kì í fi í sílẹ̀ láìparí."

Ọlọ́pàábìnrin náà wo fìlà tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó dé e sórí, ó sì tún un ṣe dáadáa. "Ẹ lọ parí ẹ̀, ọ̀gá," ló wí.

Glenda tẹ̀ lé bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń rìn létí ògiri, ó ń yí ọwọ́ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ó ń tì í, ó ń sún sẹ́yìn, ó ń kí onílé. Àwọn aṣọ fèrèsé ń mì bí wọ́n ti ń kọjá, ojú ń yọ, ojú ń sá. Ìtìjú mú Glenda dé àyà, àmọ́ kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ lórí Wáàsáàpù lálẹ́ yìí, kí wọ́n sọ ọ́. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni ọ̀la, ìwé tí wọn yóò ní kí ó fọwọ́ sí, àti àga bàbá rẹ̀ tí wọn yóò ní kò sí àyè fún nílé ìtọ́jú.

"Òtútù ò mú yín, màdáámù?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

Ó ti di màdáámù. Ó dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. "Kò mú mi. Ibo lẹ máa parí ẹ̀ sí?"

"Ilé ọmọ mi ni mo fi máa ń parí ẹ̀. Kò sí lára iṣẹ́ mi. Ẹ má sọ fún ọ̀gá mi."

"Mi ò ní sọ."

"Ẹ̀rù máa ń bà á. Kì í lè sùn, àfi tó bá gbọ́ tí mo mi ilẹ̀kùn. Tó bá ti gbọ́ ọ báyìí," ó fi ọwọ́ mi afẹ́fẹ́, "ó ti mọ̀ pé mo ti yẹ gbogbo ìlú wò. Ó ti sùn nìyẹn."

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Ọdún méje. Orí rẹ̀ pé."

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà Glenda. Ilé náà dúdú, nítorí kò sí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò rẹ̀, ó sì dì í mú kí ó má baà dún. Bàbá rẹ̀ gun àtẹ̀gùn méjì ẹnu ọ̀nà, Glenda tẹ̀ lé e, bàbá náà sì yí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ó fi èjìká tì í díẹ̀. Ó sún sẹ́yìn, ó gbójú sókè wo fèrèsé òkè, fèrèsé tí Glenda ti ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti ìgbà òdòdó, tí ó ń ṣọ́ ẹni tó ń bọ̀.

Bàbá rẹ̀ fi ìka méjì kan iwájú orí.

"Ó ti sùn," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó di apá Glenda mú, ó sì mú un sọ̀kalẹ̀. "Ẹ rọra tẹ ilẹ̀, màdáámù. Ẹ má jẹ́ ká jí i."

Glenda bọ́ bàtà rẹ̀. Ó kó o dání, ó fi ìbọ̀sẹ̀ rọra tẹ ilẹ̀ tútù náà, ó sì tẹ̀ lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà.