Àga Kan Nínú Kíláàsì Ìṣirò

Nígbà tí Orrin Vesely wà lọ́dọ̀ọ́, Ìyáàfin Haugen, tó ń gba àwọn ọmọ ilé ìwé nímọ̀ràn, ní kó fi ìṣirò ọdún ìkẹyìn sílẹ̀. "Yunifásítì ò ní í wo ìyẹn," ló wí. Wọ́n wò ó. Ẹ̀ka ẹnjiníà kò gbà á, Orrin sì di ẹni tó ń tún katakata àwọn àgbẹ̀ Nebraska ṣe. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, yóò kí ọkọ obìnrin náà, yóò kí àwọn ọmọ rẹ̀, yóò sì fo obìnrin náà fúnra rẹ̀ dá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Jolene ọmọ Orrin, tí òun náà fẹ́ di ẹnjiníà, sọ nídìí oúnjẹ pé òun ò ní í ṣe ìṣirò lọ́dún tó ń bọ̀.

"Ta ló ní kó o má ṣe é?"

"Ìyáàfin Haugen ni, Dádì. Wọ́n ní kíláàsì ti kún, pé kò sì léwu."

Orrin gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ejò lọ́wọ́ nínú.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó wọ ọ́fíìsì obìnrin náà tòun ti gírísì lọ́wọ́. Kò jókòó.

"Orrin, ẹ̀fúùfù wo ló gbé ọ dé ibí?"

"Ẹ má bá mi ṣeré, mà. Ọmọ ta lẹ fẹ́ fi sáyè ọmọ mi?"

"Kò sọ́mọ ẹnì kankan. Olùkọ́ ló ní èrò ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ò sì bìkítà."

"Àwọn tó ń kọ́ ẹnjiníà ńkọ́?"

Obìnrin náà wo ojú fèrèsé. "Àwọn yẹn máa ń wò ó."

"Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ wá ní kò léwu? Ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi náà nìyẹn, nínú yàrá yìí. Mi ò kúrò níbí."

Ìyáàfin Haugen gbé fóònù, ó ní kí olùkọ́ ìṣirò wá àga kan kún tilẹ̀ fún Jolene Vesely. Ó tán.

Ojú Orrin tún le sí i. "Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyẹn?"

"Bó ṣe rọrùn nígbà tìẹ náà nìyẹn." Obìnrin náà dìde, ó ti ilẹ̀kùn. "Alága ìgbìmọ̀ ilé ìwé nígbà náà ni kò fẹ́ kó o bá ọmọ òun du ipò kìíní nínú ìṣirò. Mo mọ̀ pé yóò ṣàkóbá fún ẹ. Mo purọ́ fún ẹ, Orrin."