Alágbàsọ El Dhurwa

Àgbààgbà méjì ló ń pàṣẹ ní ìlú El Dhurwa. Wehliye ọmọ Hirsi ni olórí àwọn ará Òkè Kànga, Samatar sì ni olórí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Kànga. Omi kan náà ni ràkúnmí wọn ń mu, mọ́ṣáláṣí kan náà ni wọ́n ti ń kírun, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Murayo ni ìyàwó Wehliye. Òun náà ni àbúrò Samatar, ọmọ ìyá kan, bàbá kan. Ẹni tó bá ń wá ibi tí wàhálà kọ́lé sí, kó yà lọ́dọ̀ Murayo.

Ewì ló dá ìjà ọ̀hún sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí àwọn ọkùnrin ń fa omi fún ẹran, Samatar, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, wo akọ ràkúnmí tí Wehliye fi ń yangàn, ó sì kéwì lé e lórí:

Ẹ bá mi wo ràkúnmí ọmọ Hirsi,
Eyín rẹ̀ rí játijàti bí ọgbà tí ewúrẹ́ wó.
Abo rí i, abo ní òun ń padà sílé bàbá òun,
Ó ní kàkà kí òun fẹ́ eléyìí, kí òun kúkú di opó láìlọ́kọ.

Wọ́n ti gbà á sórí fóònù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ewì náà ti dé ìlú Beledweyne. Nígbà tó fi máa di Jímọ̀, àbúrò Wehliye tó ń wa takisí ní Amẹ́ríkà pè láti béèrè bóyá lóòótọ́ ni eyín ẹran náà rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Wehliye ti yan igi kan lẹ́bàá kànga fún ìjókòó ara rẹ̀, tí Samatar sì yan igi mìíràn ní òdìkejì, tí Murayo sì ń rìn láàrin wọn. Ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èyí, ó ń gbé e fún tọ̀hún. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu ẹlòmíràn kọjá ṣeé fọ̀ lójú ọ̀nà.

Bí Wehliye bá ní, "Sọ fún arákùnrin rẹ yẹn pé kó kó ewúrẹ́ rẹ̀ alágídí kúrò nínú oko mi kí n tó sọ wọ́n di ọbẹ̀," Murayo á dé ọ̀hún, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Hirsi ní àwọn ewúrẹ́ yín mà ti sanra o, ẹ wá wò wọ́n nínú oko."

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí àwọn Ọmọ Igbó pè lórí fóònù. Agbésùnmọ̀mí ni ìjọba ń pè wọ́n. Àwọn ní olùgbèjà ẹ̀sìn làwọn. El Dhurwa mọ̀ wọ́n dáadáa. Nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, wọ́n fọ́ ẹ̀rọ ìfami kànga nítorí pé àwọn sójà mu omi níbẹ̀, wọ́n sì pa lemọ́ọ̀mù tó sọ fún wọn pé Ọlọ́run ò rán ẹnikẹ́ni ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní Sátidé wá gba sàká: àṣàyàn ràkúnmí, àti gbogbo ọ̀dọ́kùnrin tó bá lè gbé ìbọn.

Òkè Kànga ní àwọn ò fún wọn ní nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ Kànga ní àwọn náà ò fún wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fohùn ṣọ̀kan lé lórí látìgbà ewì nìyẹn. Gbogbo ìlú tó wà létí odò ńlá agbègbè náà ló ti ń dìde báyìí, àwọn darandaran lásán, tí wọ́n ró màáwísì, ìró ọkùnrin, mọ́ ìdí bí ẹni ń lọ wẹ̀, tí wọ́n sì ń lé àwọn Ọmọ Igbó bí ẹni lé ìkookò. El Dhurwa náà fẹ́ lé tiwọn.

Nígbà tí Sátidé ku ọ̀la ni Ọlọ́lá Jibril Kariye dé, olùdámọ̀ràn ààrẹ ìpínlẹ̀, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn nínú oòrùn, àwọn ẹ̀ṣọ́ díẹ̀, àsíá kan àti àpótí ńlá kan. Wọ́n gbé àga iléèwé fún un. Nítorí pé kò gbọdọ̀ jókòó sábẹ́ igi ẹnì kan kí ti ẹnì kejì má bàa bínú, àárín gbùngbùn ni wọ́n gbé àga náà sí, níbi tí igi kankan kò sí.

"Ààrẹ ìpínlẹ̀ kí yín," ni Ọlọ́lá wí. "Ó ní kí n sọ fún yín pé òun wà lẹ́yìn yín gbágbágbá."

Samatar kígbe láti abẹ́ igi rẹ̀ pé, "Ẹ̀yìn yẹn á jìnnà díẹ̀, Ọlọ́lá. A ti wẹ̀yìn wò, a ò rí i."

"Ọta ìbọn ńkọ́?" ni Wehliye béèrè láti abẹ́ tirẹ̀.

"Ọta ìbọn ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ò lè kó ọta fún ìlú tí kò ní ọ̀gágun kan ṣoṣo. Ìkejì, bí àwọn ará Mogadishu, ìjọba àpapọ̀, bá gbé àsíá wá, ẹ má gbà á. Wọ́n fẹ́ ká jà kí wọ́n gba ìyìn. Àsíá ìpínlẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé sókè."

Ó ṣí àpótí náà. Ẹ̀wù ló wà níbẹ̀, funfun báláú, àwòrán ààrẹ ìpínlẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín láyà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìyá àgbà kan mú ọ̀kan, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Bí wọ́n bá yìnbọn lu eléyìí," ló béèrè, "ṣé ẹni tó wọ̀ ọ́ ló máa kú ni àbí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yìí?"

Ọlọ́lá nu òógùn ojú rẹ̀.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìgbìmọ̀ ogun. Wehliye pe ìyàwó rẹ̀. "Murayo, sọ fún arákùnrin rẹ pé inú odò gbígbẹ la máa lúgọ sí. Ọ̀dẹ̀ nìkan ló ń gun òkè níbi tí gbogbo ayé á ti máa wò ó. Ṣùgbọ́n ta ló máa retí ọgbọ́n lọ́dọ̀ akéwì?"

Murayo gba inú oòrùn kọjá. Nígbà tó dé ọ̀hún, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Hirsi ń ro odò gbígbẹ. Ó ní kí lẹ rí sí i?"

"Sọ fún ọkọ rẹ pé inú ihò ni wọ́n ti ń pa eku. Orí òkè olókùúta la máa wà. Bí ẹ̀rù òkè bá ń bà á, kó gun ràkúnmí rẹ̀, bí eyín ò bá dí ẹran náà lójú."

Murayo tún yí padà. Oòrùn ti mú un lórí, ẹsẹ̀ ń ro ó. Ó wo Ọlọ́lá tó ń yọ́ lọ bí òrí lórí àga iléèwé. Ó wo àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó sílẹ̀ ti ìbọn àtijọ́ bàbá wọn. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbé ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí, abẹ́ igi méjèèjì yìí ni àwọn Ọmọ Igbó máa wá bá gbogbo wọn.

Ó dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀. "Ó ní ó dáa. Inú odò náà ni."

Wehliye wojú rẹ̀. "Samatar?"

"Ó ní ọgbọ́n àgbà ni."

Ó tún padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ó ti gbà. Orí òkè ni. Ó ní ojú yín ríran jìnnà ju tòun lọ."

Samatar wo igi Wehliye lókèèrè. "Ṣé ara ọkọ rẹ yá?" ló béèrè.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan ọ̀gágun, irọ́ ti mọ́ Murayo lẹ́nu. Ó sọ fún Wehliye pé Samatar ní Wehliye ni kó ṣe é, ó sì sọ fún Samatar pé Wehliye ní Samatar ni. Ó rò pé ọ̀kan á gbà, ọ̀rọ̀ á parí. Kò rántí irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Kò sí èyí tó fẹ́ kí ọ̀tá rẹ̀ fi oore ju òun lọ.

"Sọ fún un pé mi ò gbà. Òun ni kó jẹ ẹ́," ni Wehliye wí.

"Èmi kọ́," ni Samatar wí. "Kò sí bó ṣe máa fọgbọ́n fi oyè dá mi lọ́lá."

Ni wọ́n bá ń ti oyè náà síra wọn, títí ohùn fi ga, tí àwọn ọ̀dọ́ Òkè Kànga àti ti Ìsàlẹ̀ Kànga fi dìde dúró. Ọlọ́lá gbé ọwọ́ sórí.

"Gbogbo ibi tí mo ti ń lọ," ó ní, "oyè ni wọ́n ń torí ẹ̀ pa ara wọn. Ẹ̀yin fẹ́ pa ara yín nítorí pé ẹ ò fẹ́ ẹ. Irú èèyàn wo lẹ̀yin?" Ó ní kí wọ́n fún òun lómi, ó sì lọ sùn sílé Murayo.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, lẹ́yìn asùbáà, Murayo àti àwọn obìnrin mìíràn gun orí tánkì omi oníkọnkéré. Ó wo ìsàlẹ̀. Àwọn ará Òkè Kànga gba inú odò gbígbẹ lọ, wọ́n lúgọ. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Kànga gun òkè olókùúta, wọ́n lúgọ. Ìdajì El Dhurwa wà níhìn-ín, ìdajì wà lọ́hùn-ún, apá kọ̀ọ̀kan sì ń retí pé apá kejì á dé láìpẹ́. Àárín wọn ni ọ̀nà gbà kọjá.

Ọlọ́lá wà lábẹ́ tánkì, ó fi fóònù sétí, rédíò ìpínlẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù.

"Kí lẹ rí níbẹ̀, ìyá?"

"Eruku. Ọkọ̀ wọn ń bọ̀."

"Mo wà nínú eruku ogun báyìí," ni Ọlọ́lá sọ fún rédíò.

Ìbọn dún láti inú odò. Àwọn Ọmọ Igbó já sílẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n kẹ̀yìn sí òkè, wọ́n ń yìnbọn sínú odò. Ní ẹ̀yìn wọn tí wọn ò wò yẹn ni Ìsàlẹ̀ Kànga ti da ìbọn bò wọ́n. Wọ́n yí padà kọjú sí òkè, odò tún bá wọn lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú ọkọ̀ wọn sá kọlu àpáta, iná sì sọ lára rẹ̀.

"Wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa kọjú sí," ni Murayo wí.

"A ti da ogun rú mọ́ wọn lọ́wọ́," ni Ọlọ́lá wí.

"Wọ́n ń sá wọ igbó."

"Mo ń lé wọn lọ báyìí."

Nígbà náà ni ohùn Murayo yí padà. "Ẹnì kan ti ṣubú lórí òkè. Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ọlọ́lá gbé fóònù kúrò létí. Ó pa á. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá," ló wí.

Ẹni tí Murayo tún rí ni ọkọ rẹ̀. Wehliye jáde láti inú odò, ó sáré la ọ̀nà kọjá, ó sì ń gun òkè tó ní ọ̀dẹ̀ nìkan ló ń gùn ún. Nígbà tí wọ́n máa padà wọ ìlú, ó ti gbé Samatar pọ̀n sẹ́yìn. Ọta ti bu ìdí Samatar jẹ. Màáwísì Wehliye ni wọ́n fi di ojú ọgbẹ́ náà, ẹ̀wù ìjọba ni Wehliye fi so ìdí ara rẹ̀, ààrẹ ìpínlẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé láti ibi tí Wehliye fi ń jókòó. Ọlọ́lá ní òun kò ní lè ya fọ́tò wọn láti ẹ̀yìn.

Àwọn obìnrin ti ń gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì kí wọ́n tó dé.

"Rọra. Ṣé àpò ìrẹsì lo gbé ni?"

"Àpò ìrẹsì wúlò. Pa ẹnu rẹ mọ́."

"Mo retí rẹ lórí òkè títí."

"Lórí òkè? Ìwọ lo gbà pé inú odò ni."

"Èmi gbà? Ìwọ lo ní ojú mi ríran jìnnà."

"Láyé mi, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀."

Wehliye dúró lójijì. Wọ́n jọ gbójú sókè sí tánkì.

"Murayo," ni Wehliye wí.

"Mi ò tíì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀," ni Murayo fèsì.

"Sọ̀ kalẹ̀," ni Samatar wí, "kí ọkọ rẹ lè bá ọ wí. Èmi náà á ràn án lọ́wọ́."

"Òótọ́ ni, mo parọ́," ni Murayo wí láti òkè. "Bí mo bá sọ ohun tí ẹ sọ gan-an, ẹ ṣì máa wà lábẹ́ igi. Ẹ̀yin méjèèjì ti wá ń sọ̀rọ̀ láti orí òkè délé, ẹ ò sì pè mí kí n gbà á sọ. Ẹ kúkú máa bá a lọ." Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ dì mú, ó sì sunkún díẹ̀, ó wá lọ gbé omi gbígbóná àti iyọ̀.

El Dhurwa pàdánù ẹnì kan, Gurhan, ọmọ lemọ́ọ̀mù tí wọ́n pa. Òkè Kànga àti Ìsàlẹ̀ Kànga jọ gbẹ́ sàréè rẹ̀ kó tó di aláàsárì. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà mọ́.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, rédíò ìpínlẹ̀ ní Ọlọ́lá Jibril Kariye ló ṣáájú ogun. Rédíò Mogadishu ní àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ló ṣe é. El Dhurwa gbọ́ méjèèjì, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé Samatar, tó dojú bolẹ̀ lórí ẹní, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́ nítorí ọgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá sójà kan gbé àsíá àpapọ̀ wá, wọ́n gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ti ìpínlẹ̀, wọ́n sì fi ṣe ìbòòji fún Samatar. Ọta ìbọn ò ti ọ̀dọ̀ ìjọba kankan wá. Àwọn ìlú tó yí wọn ká ló mú un wá, wọ́n dì í sínú gèlè, pẹ̀lú wàrà ràkúnmí àti àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ní àwọn á bá wọn ṣọ́ kànga.

Lẹ́yìn náà, obìnrin kan gun kẹ̀kẹ́ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà wá láti ìlú Garas Yar. Ó ní àwọn Ọmọ Igbó ti pe àwọn náà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà méjì tó wà níbẹ̀ ò gbà láti jókòó pọ̀. Ó ní wọ́n ń wá Murayo.

"Irọ́ ló máa pa fún yín," ni Wehliye wí.

"Ṣé òótọ́ ni wọ́n wá wá síbí?" ni Samatar béèrè láti orí ẹní.

Murayo da aṣọ bo orí, ó gun kẹ̀kẹ́. Ó ní kí obìnrin náà sọ ohun tó dá ìjà àwọn àgbà náà sílẹ̀ fún òun, láti ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó ní kànga ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, àbí ìyàwó, ìyẹn kù sọ́wọ́ ẹni tí èèyàn bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu. Wọ́n dé Garas Yar kó tó ròyìn dé ìdajì.