Òkè Kejì Lójú Ẹ̀rọ

1.

…kò tíì kú nígbà yẹn. Rárá, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Ẹ̀gbọ́n ti kú. Àbúrò ló ṣì ń pè é bíi pé ó wà nínú ilé. Ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ ni wọ́n ní yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ló sọ wọ́n di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.

2.

(Ìkéde lára fíríìjì)

ÌGÒ DÚDÚ YÌÍ NI ÌKẸYÌN.
ẸNI TÓ ṢE É KÒ SÍ MỌ́.
Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN O!!!

3.

Ohun tó wà nínú ìgò náà: àwọn hóró irin tó kéré débi pé ojú ò lè rí wọn. Ẹ̀gbọ́n fi kẹ́míkà so èròjà mọ́ wọn lára yíká. Àwọn èròjà náà ò fara kanra. Síbẹ̀, bí ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù, ẹyọ iná tíńtín, bá kúrò lára ọ̀kan, èyí tó wà lódìkejì á mọ̀ ọ́n lára. Irin àárín ló ń gbé ọ̀rọ̀ kọjá. Á wá ṣòro fún èyí òdìkejì láti fi ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù tiẹ̀ sílẹ̀.

Ìlà tí ẹ̀rọ ń yà á wá gòkè lẹ́ẹ̀mejì: òkè méjì á hàn lójú ẹ̀rọ.

Bí wọn ò bá gbọ́ ara wọn, òkè kan ṣoṣo.

4.

(Látọ̀dọ̀ olóòtú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀)

«Ẹ tún un wọ̀n. Bí òkè kejì tí olóògbé kọ síbẹ̀ ò bá hàn, a ò ní lè tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde.»

5.

Àbúrò ṣe hóró tuntun. Òkè kan.

Ó tún ṣe é. Òkè kan.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

6.

(Lórí fóònù)

OPÓ Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé nǹkan kan ṣì kù níbẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe?
ÀBÚRÒ: Ìgò kan, mà. Ó kù díẹ̀ nísàlẹ̀.
OPÓ: Gbé e wá fún mi.
ÀBÚRÒ: Ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́dọ̀ lò ó ni. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní irọ́ ni Ẹ̀gbọ́n pa.
OPÓ: Ọkọ mi? Ẹni tí kò lè purọ́ pé ọbẹ̀ mi dùn!
(Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́.)
OPÓ: Tó o bá lò ó tán, kí ló máa kù fún mi? Mò ń bọ̀.

7.

Èyí tó kù nínú ìgò sì lè ti bàjẹ́.

8.

Ẹ má bú Àbúrò o. Kí lẹ̀yin ìbá ṣe?

9.

Opó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀, kò gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò da gbogbo ìyókù sínú ife ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnnì. Ìlà gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀.

OPÓ: Òun nìyẹn?
ÀBÚRÒ: Àkọ́kọ́ nìyẹn, mà.

Opó di ọwọ́ Àbúrò mú, àwọn méjèèjì ń retí òkè kejì. Ìlà náà ń lọ gbọọrọ, ó ń lọ…